Bọ́ọ̀sì Tó Bú Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Ràṣídì

Ọdún tí ará Èkó kì í jókòó nínú ọkọ̀ láìkọ́kọ́ bẹ abẹ́ ìjókòó wò ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ mọ ọdún tí mò ń wí. Sójà ló wà lórí àlééfà. Bọ́ǹbù ń dún níhìn-ín, ó ń dún lọ́hùn-ún. Bí ẹnì kan bá gbàgbé báàgì sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ CMS báyìí, gbogbo èrò á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Èmi ò mọ̀wé, Fáúsíyà ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sórí fóònù rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi gírámà kankan bò ó.

Ẹ sún mọ́ mi, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Èédú ni mò ń tà nígbà náà, ní Èbúté Èrò. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá bá wa. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, nínú agboolé ọkọ mi, ọkọ mi sì ti ṣaláìsí. Ọmọkùnrin méjì ló fi sílẹ̀ fún mi. Ràṣídì ni ẹ̀gbọ́n, ó wà ní Amẹ́ríkà, ó ń kàwé. Múfú ni àbúrò, ọ̀dọ̀ mi ló wà, rẹdiónìkì ni. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ló ti ń tún rédíò ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé rẹdiónìkì ni o. Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ yẹn kó bá wa!

Ràṣídì kì í kọ lẹ́tà sí mi. Ta ni yóò kà á fún mi? Inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń gba ohùn rẹ̀ sí, tó bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, á fi rán an. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá sì ti dé, kì í ṣe tèmi nìkan mọ́, ti gbogbo agboolé ni. A ó gbé tépù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, tọmọdé tàgbà á jókòó yí i ká, nítorí Ràṣídì máa ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ìjà dé nìyẹn! Ìyá Sikíra, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ti bá mi yan odì rí nítorí pé Ràṣídì kí ọmọ rẹ̀, kò kí òun.

Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni Ràṣídì ń kọ́ lọ́hùn-ún, rédíò ni mo máa ń sọ. Òun náà ló sọ fún mi pé iṣẹ́ rédíò lòun ń ṣe. Kí n má parọ́, inú mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i. Ṣé ó dìgbà téèyàn bá dé Amẹ́ríkà kó tó kọ́ rẹdiónìkì? Ṣebí Ìdúmọ̀tà ni Múfú ti kọ́ tiẹ̀!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ti mú iná lọ. Bátìrì la fi gbé tépù dìde, bátìrì ọ̀hún sì ti gbó sínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà, ti olórin kan ni tẹ́lẹ̀, àwòrán olórin náà wà lára rẹ̀, orí orin ni Ràṣídì gba ohùn lé. Ó kí wa, ó kí wa. Ó kí Ìyá Sikíra lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ń mi orí bí ẹni tó joyè.

Àfi bí ohùn rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayọ̀ fẹ́ fún lọ́rùn. Ó ní, “Ìyá mi, ohun tí mo torí ẹ̀ ṣe kásẹ́ẹ̀tì yìí rèé o. Ó ti bọ́ sí i! Ẹ rántí pé mo ní a ń ṣọ́ nǹkan kan? Ó ti bú! Gámà-réè bọ́ọ̀sì ni. Ó bú gbàmù lóṣù tó kọjá, rédíò wa sì gbé e. Kò sẹ́ni tó fi rédíò gbé irú ẹ̀ rí láyé! Bọ́ọ̀sì yìí, ó ti pẹ́ tá a ti ń dúró dè é. Ọ̀gá wa ní ká má tíì simi o, pé ó ṣì kù...”

Ibẹ̀ ni bátìrì ti rẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ bí ohùn ọ̀mùtí. Ó wọ́, ó wọ́, ó dákẹ́.



Bọ́ọ̀sì wo ló bú? Ta ló ń dúró dè é? Kí ló tún kù? Ẹ rántí pé kò tíì pẹ́ sígbà náà tí bọ́ǹbù dún lára ọkọ̀ kan tó kó sójà. Ẹ tún rántí pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ní rédíò tí wọ́n fi ń bú ìjọba sójà, kọ̀rọ̀ yàrá la ti ń gbọ́ ọ, a ó fi tìmùtìmù bo rédíò kí aládùúgbò má baà gbọ́. Ọmọ mi wá ní bọ́ọ̀sì ti bú, rédíò àwọn ti gbé e!

Ìyá Sikíra ló kọ́kọ́ lanu. “Gámà-réè, orúkọ Haúsá nìyẹn o! Ọkọ̀ sójà ni!”

Bàbá Líámù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ni olórí agboolé, ó wúkọ́, ó lé àwọn ọmọdé wọlé. Ó wá kọjú sí mi. “Ìyàwó, kí lọmọ rẹ ń ṣe ní Amẹ́ríkà gan-an?”

Mo ní, “Ẹ gbà mí, Bàbá! Ràṣídì tí kò lè dú adìyẹ ọdún? Tó ń bo ojú tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹran iléyá?”

Bàbá Líámù ní ká ṣáà pa ẹnu wa mọ́, pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Gbogbo wa ṣe Àmín sí i.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ Ìyá Sikíra? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà o. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ràṣídì kí òun lẹ́ẹ̀mejì ni! Ẹnì kan bi í pé kí ló tún sọ. Ó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ gbéra lẹ́nu rẹ̀, ó gba ẹnu dé ẹnu. Kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà, àwọn ọlọ́pàá inú ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Múfú rèé láàárín rédíò tó tú ìfun wọn síta, wáyà lọ́rùn, wáyà lẹ́sẹ̀, àńtẹ́nà gígùn lórí páànù. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Na here dem dey do the radio!”

Múfú ní, “Oga, na repair I dey repair!”

Ìyẹn ní, “You go explain for office.”

Wọ́n gbé Múfú. Wọ́n gbé tépù, kásẹ́ẹ̀tì Ràṣídì ṣì wà nínú rẹ̀. Mo di ọkọ̀ wọn mú, mo ń pariwo, ìbòrí mi já sílẹ̀ lójú títì. Wọ́n lọ. Àwọn tá a jọ ń kí ara wa láràárọ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ wá. Èmi ò bá wọn wí. Ẹ̀rù ni.

Bàbá Líámù ní kí n má lọ sí ọ́fíìsì wọn, pé ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ kì í jáde bọ̀rọ̀. “Ìyàwó, ọ̀kan wà lókè òkun, ọ̀kan wà látìmọ́lé. Tí wọ́n bá tún mú ìwọ, ta ló kù?” Mo dá a lóhùn pé tí wọn ò bá mú mi, ta ni mo kù fún?

Ohun tí mi ò sọ fún un ni èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí ohùn Ràṣídì ti dákẹ́ ni mo ti ń bi ara mi: ṣé ọmọ mi ló ṣe é? Èèyàn lè bímọ, kó má mọ ohun tó dà ní ìlú onílùú. Mo ń kírun, mi ò mọ ibi tí mo kà dé.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ. Wọ́n fi mí sórí bẹ́ǹṣì níta, oòrùn ń pa mí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó pè mí wọlé. Ọ̀gá wọn, ará Ọ̀yọ́ ni, àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù wa. Múfú jókòó sílẹ̀, kò wọ ẹ̀wù, ètè rẹ̀ ti wú. Mo fẹ́ sáré sí i, wọ́n ní kí n dúró síbi tí mo wà.

Ọ̀gá náà bọ̀wọ̀ fún mi o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.” Iná wà lọ́dọ̀ tiwọn, ó tẹ tépù. Ohùn Ràṣídì tún jáde. Ó dé ibi bọ́ọ̀sì, ọ̀gá náà dá a dúró.

“Ta ni Gámà-réè?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.”

“Bọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ń dúró dè?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ta ni ọ̀gá tó ní kí wọ́n má tíì simi?”

Mi ò mọ̀, mi ò mọ̀! Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà kọjá ibi tí bátìrì ti já wa jù sílẹ̀. Ràṣídì ní, “...ó ṣì kù, ooru ẹ̀ ò tíì tán. A ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó ń ṣẹ́jú sí wa, Ìyá! Ó ń ṣẹ́jú...” Kọ́! Tépù dúró, ojú kìíní ti tán.

Ọ̀gá náà fara ti àga. “Ó ń ṣẹ́jú sí wọn. Àmì ni wọ́n ń fún ara wọn. Ìyá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ sọ orúkọ àwọn tí Ràṣídì ń bá rìn ní Èkó níbí, Múfú á bá yín lọ sílé lónìí. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, àwọn sójà ló máa wá gbé e lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní mọ ibi tí wọ́n gbé e gbà.”

Mo wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Nǹkan kan sì sọ sí mi lọ́kàn.

Ràṣídì kò tíì dágbére!

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yẹn bá ṣe, bákan náà ló ń parí rẹ̀. Á ṣàdúà fún bàbá rẹ̀ tó kú, á ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà á wá pariwo bí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ń já ẹrù: “Ó tán o!” Àwọn ọmọ agboolé á gbè é: “Ó tán o!” A ò tíì gbọ́ “Ó tán o” nínú èyí. Àwọn ọlọ́pàá rí àwòrán olórin lára rẹ̀, wọ́n rò pé orin ló kù lẹ́yìn, wọn ò yí i wò.

Mo gbójú sókè. Ojú èmi àti Múfú ṣe mẹ́rin. Òun náà ti rántí. Ó mi orí fún mi díẹ̀ báyìí, kó má hàn sí wọn. Ó yé mi: Ìyá, ẹ má sọ ọ́. A ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ a ò sì mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn yẹn ló ti dárúkọ ẹni tó ju bọ́ǹbù ńkọ́? Ọwọ́ ara mi ni mo fi máa ti ọmọ mi méjèèjì sínú kòtò. Ẹ̀yin abiyamọ tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, kí lẹ ò bá ṣe? Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn, kálukú ní ohun tó sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wà lórí àga yẹn ju èmi lọ.

Mo ní, “Ọ̀gá, ọmọ mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹ yí i padà.”

Múfú dijú.

Ọ̀gá náà yí i padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde, ariwo ni. Ṣììììììì, bí omi tó ta sórí agbada gbígbóná. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí orin. Ó pẹ́ gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá tó dúró lẹ́yìn mi ní, “Oga, this one na code.”

Àfi ohùn Ràṣídì!

“Ìyá mi, ariwo tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, irú ohun tí rédíò wa máa ń gbọ́ láti ojú ọ̀run nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa bínú pé kí ni mò ń wí. Ẹ rántí ọkọ̀ èédú tó jó ní Èbúté Èrò nígbà tí mo wà ní kékeré? Wọ́n ti pa iná lára èédú yẹn kí wọ́n tó dì í sápò. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ní ó tutù. Ṣùgbọ́n ooru wà nínú. Ìyá, ìràwọ̀ kan ló bú lókè lọ́hùn-ún. Gámà-réè bọ́ọ̀sìtì, ìyẹn ìbúgbàmù, ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ó jìnnà débi pé ó ti bú kí wọ́n tó dá Ànábì Ádámọ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ló ń rìn bọ̀ láti ọjọ́ yìí, oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kọ mànà, ó lọ. Ṣùgbọ́n ooru ẹ̀yìn iná ṣì wà níbẹ̀, òun ni rédíò wa gbé. Rédíò wa kì í sọ̀rọ̀ o. Àwo ńláńlá ni wọ́n, wọ́n tóbi ju ilé wa lọ, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń wòkè. Ó ń ṣẹ́jú sí wa. Ẹ mọ̀ pé ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, òṣùpá kì í ṣẹ́jú? Ohun tó bá kéré lójú ló ń ṣẹ́jú. Ọjọ́ tí èyí ò bá ṣẹ́jú mọ́, a ó mọ̀ pé iná náà ti gbòòrò. Ohun tá a ń ṣọ́ nìyẹn.”

Ọ̀gá náà dá tépù dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yìn mi tún ní, “Oga, star na code. Charcoal sef na code.”

Ọ̀gá bi mí bóyá òótọ́ ni ọkọ̀ èédú kan jó. Mo ká apá bùbá mi sókè, mo na apá náà sí i lójú. Àpá iná ọjọ́ náà wà níbẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Fáúsíyà ń wò ó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ó wò ó títí. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà díẹ̀, ó tún ibi Ànábì Ádámọ̀ gbọ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín!

“Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀sì tí mo ti ń wádìí láti àná, tí mi ò lè jẹun nítorí ẹ̀, ó ti bú kí wọ́n tó dá Ànábì Ádámọ̀! Ta wá ni mo fẹ́ mú? Ṣé màláíkà?”

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò tíì yá wa. Ó ní kí àwọn gbọ́ ọ tán ná. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ràṣídì bú Múfú pé kó má máa jẹ ẹran mi mọ́, pé ó ti dàgbà. Ó bẹ̀ mí kí n má bínú pé òun ò lè wá fún àdúà ọdún bàbá wọn. Ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ọ̀gá náà ní Àmín, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ ìgbà tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà: “Ó tán o!”

Múfú ló gbè é látorí ilẹ̀ tó wà, pẹ̀lú ètè wíwú. “Ó tán o!” Ìgbà náà ni omijé tó bọ́ lójú mi.

Wọ́n jẹ́ kí Múfú bá mi lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n di kásẹ́ẹ̀tì mú, wọ́n ní àwọn ọ̀gá òkè á fẹ́ gbọ́ ọ. Mi ò tún fojú kàn án mọ́.

Bá a ṣe ń lọ lọ́nà, Múfú ní, “Ìyá, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì gidi ńkọ́?” Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi kò tíì tán.

Bá a ṣe wọ agboolé, Ìyá Sikíra dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin! Ó ní, “Ìyá Ràṣídì, ẹ dákun, ẹnu mi ni.” Mo ní, “Ẹnu rẹ gan-an ni bọ́ọ̀sì, gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́ láìsanwó!” Bàbá Líámù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Títí Ìyá Sikíra fi kú, bó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíì, àwọn ọmọdé á ké pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra.

Kásẹ́ẹ̀tì míì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bátìrì tuntun ni mo kọ́kọ́ rà kí ẹnikẹ́ni tó jókòó! Ohun àkọ́kọ́ tí Ràṣídì sọ, kó tó kí ẹnì kankan, ni pé, “Ìyá, kò ṣẹ́jú mọ́ o!” Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ hó yèè. Iná náà ti gbòòrò. Ta ni yóò sọ pé àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó máa pàtẹ́wọ́ fún ìràwọ̀ tí a kò rí?

Nígbà tí Ràṣídì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé, mo ní kó tún ọ̀rọ̀ èédú yẹn sọ fún mi, nítorí inú ọ́fíìsì yẹn nìkan ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó gbìyànjú. Ó ní òun ò rántí bí òun ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo wá tún un sọ fún un, bí mo ṣe tún un sọ fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ tán, ó di apá mi tó ní àpá mú.

Mo wá jókòó ti òun àti Múfú lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé ẹnì kan ṣe báyìí, ó sọ báyìí, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ̀rù lè máa bà yín láti yí i. Ó ba èmi náà. Ẹ ṣáà yí i.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti di tiwa nínú ilé. Fáúsíyà tí kò fojú kan kásẹ́ẹ̀tì rí, òun náà ń sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ tí wọ́n bá ń jà!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí nínú yín, tí wọ́n sì fi dá a lẹ́jọ́? Tàbí ẹ̀yin lẹ gbọ́ ìdajì ti ẹlòmíì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Fáúsíyà á kà á sí mi létí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí bátìrì yín kú sí àárín ọ̀nà.

Tèmi rèé. Ó tán o!